Lọ́rì sójà mi, M35A2, ń gbé ọ́ìlì bíréèkì mì, n kò sì rí ojú ibi tó ń jò

Ẹsẹ̀Mẹ́wàá

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Abèèrè kì í ṣìnà, ìdí rèé tí mo fi kó ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín kí n tó tún gun ọkọ̀ náà.

Ó lé díẹ̀ lóṣù mẹ́ta báyìí tí mo ra lọ́rì ológun kan, M35A2, èyí táwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní deuce and a half, torí pé tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ ni ẹrù tí wọ́n ní kó máa rù níbi tí kò sí títì. 1972 ló wà lára pátákó irin tí wọ́n kàn mọ́ iwájú awakọ̀. Táyà mẹ́wàá ló fi ń tẹlẹ̀: méjì níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n so ní méjì-méjì, ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́fà. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá mi, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ sípánà kan yàtọ̀ sí òmíràn, àtìgbà náà sì ni irú ọkọ̀ yìí ti ń wù mí. Bàbá àgbàlagbà kan ló tà á fún mi. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wà lábẹ́ tapólì, mo sì gbà á gbọ́, torí ìtẹ́ ẹyẹ méjì ni mo bá nínú àpótí bátìrì.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe. Mo da epo àtijọ́ nù, mo fọ táǹkì, mo pààrọ̀ fílítà dísẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀ méjèèjì, mo ra bátìrì tuntun méjì. Lọ́jọ́ tí mo tẹ bọ́tìnnì sítátà, ẹ́ńjìnnì náà yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó dìde. Tọ́bò rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń súfèé lókèèrè. Mo jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo kàn ń gbọ́ ọ ni. Bàbá mi ni mò ń rántí.

Ìgbà márùn-ún ni mo ti gbé e jáde. Méjì àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo kíyè sí i pé pẹ́dà bíréèkì ń lọ sísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó di ọkọ̀ mú. Mo ṣí irin pẹlẹbẹ tó wà nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ awakọ̀, mo yọ ìdérí máásítà bíréèkì: ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀. Mo kún un. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó tún ti dín, bí ìdajì ife. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo yẹ ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò, mo fọwọ́ pa gbogbo páìpù. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Kò sí ẹ̀kán kan nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, à ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Mo tẹ bíréèkì, pẹ́dà lọ dé ilẹ̀ pátápátá. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sí nǹkan kan. Mo já jíà wálẹ̀, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo sì darí ọkọ̀ sínú koríko gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí tó fi dúró. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì tún tẹ bọ́tìnnì yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ọ́ìlì yìí ń gbà lọ? Ọ́ìlì tí mo bá nínú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò. DOT 3 tí mò ń lò sínú ọkọ̀ kékeré mi ni mo fi ń kún un. Ṣé mo ṣìṣe ni? Mo tún ní táyà méjì tó ti sán, mo fẹ́ kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń tún táyà ọkọ̀ kékeré ṣe jọ pààrọ̀ wọn. Àti pé ṣé mo lè fa iná rédíò láti ara bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì, torí fóòtì 12 ni rédíò náà ń lò?

BabaOnígíríìsì

Ọmọ mi, mo dúpẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ̀rọ̀ yìí, pé kì í ṣe ẹlòmíràn ló ń ròyìn rẹ fún wa. Má tíì gbé ọkọ̀ yẹn kúrò lójú kan. Fi ìtì igi há táyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kí o tó ka ìyókù.

M35A2 méjì ló ti gba ọwọ́ mi kọjá, ọ̀kan ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí mo ti ń sùn sábẹ́ wọn. Kí n tó sọ ibi tí ọ́ìlì rẹ ń lọ, ó yẹ kí o mọ bí bíréèkì náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí kò rí bí ti ọkọ̀ kékeré, kò sì rí bí ti àwọn tírélà tó jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dá wọn dúró.

Tí o bá tẹ pẹ́dà, máásítà á ti ọ́ìlì jáde. Ọ́ìlì yẹn kì í lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tààrà. Ó máa ń kọ́kọ́ wọ inú irin ńlá kan tó so mọ́ ṣáásì nísàlẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní air pack. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tò jọ sínú táǹkì ti ń kún ọ́ìlì náà lọ́wọ́: afẹ́fẹ́ á ti písítìnnì ńlá kan, písítìnnì ńlá á ti kékeré, kékeré ni yóò wá ti ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú agbára tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè ní láéláé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ́ìlì náà ń gbà. Máásítà kan, air pack kan, ẹsẹ̀ mẹ́fà. Tí hóòsì kan péré bá bẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, tiwájú náà ti lọ nìyẹn. Kò sí ọ̀nà kejì tó máa di ọ́ mú.

Fi èyí sọ́kàn, torí yóò wúlò fún ọ títí o ó fi ta ọkọ̀ náà tàbí kí o fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló tán, pẹ́dà á le bí òkúta, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á ṣì dúró díẹ̀ tí o bá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Aláriwo inú ọkọ̀ á sì ti máa han léti rẹ látìgbà tí géèjì bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 60 psi. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì ló tán, pẹ́dà á rọ̀, á sì já lọ sílẹ̀. Ohun tí o sọ yìí, ti ọ́ìlì ni. Aláriwo kan kò sí fún ìyẹn.

Ibi mẹ́ta ni ọ́ìlì lè gbà sá láìkán sílẹ̀. Èkíní, ó lè máa jò láti ara sìlíńdà ẹsẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, kí láínìn, ìyẹn ohun tó ń há mọ́ dúrọ́ọ̀mù láti dá ẹsẹ̀ dúró, máa mu ún, títí tó fi máa yọ sí ikùn táyà lápá inú. O ní ibẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n má gbà á gbọ́ títí o ó fi ṣí i. Tí o bá rí ọ̀rinrin níbẹ̀, gbóòórùn rẹ̀: ọ́ìlì jíà ní òórùn imí-ọjọ́ tó máa ń wọni nímú, ti bíréèkì kò ní irú òórùn bẹ́ẹ̀. Èkejì, ẹ̀yìn máásítà, níbi tí ọ̀pá pẹ́dà ti wọlé. Rọ́bà tó bò ó lè gba ọ́ìlì pọ̀ kó tó kán, nítorí náà, ká etí rọ́bà náà sẹ́yìn kí o wo inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo fi ọkàn sí jù, inú air pack fúnra rẹ̀. Síìlì kan ló pààlà láàárín ìhà ọ́ìlì àti ìhà afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ tó ti dúró fún ọdún mẹ́rin, síìlì yẹn á ti gan. Nígbàkigbà tí o bá tẹ bíréèkì, díẹ̀ nínú ọ́ìlì á rọra kọjá sí ìhà afẹ́fẹ́; nígbà tí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, afẹ́fẹ́ tó ń jáde á fẹ́ ẹ dànù bí ìrì, ìyókù á jókòó sísàlẹ̀ nínú ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi gbẹ tí máásítà sì ń dín. Tú páìpù tó ń mú afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ àti èyí tó fi ń mí síta, lẹ́yìn tí o bá ti jò gbogbo afẹ́fẹ́ inú táǹkì dànù. Gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ṣàn jáde níbi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ nìkan wà, o ti mú olè náà.

Ní ti àlùkò: bẹ́ẹ̀ ni, o ṣìṣe, àmọ́ ó ṣeé tún ṣe. Ọ́ìlì aláwọ̀ àlùkò yẹn ni DOT 5, èyí tí wọ́n fi silicone ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà yí àwọn ọkọ̀ wọn sí i, torí kì í fa omi sára, ọkọ̀ sì lè dúró ní ibùsọ̀ pẹ́ kí páìpù má dípẹtà. DOT 3 máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Àwọn méjèèjì kì í pò pọ̀. Fa díẹ̀ látinú máásítà sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí o jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì: àlùkò á léfòó sókè, DOT 3 á jókòó sísàlẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù rẹ náà nìyẹn. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta DOT 5.1 fún ọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Orúkọ ló jọra, DOT 3 àti DOT 4 ni 5.1 bá tan.

Gbogbo ọ́ìlì náà gbọ́dọ̀ jáde. Fi ọtí spirit fọ páìpù láti orí dé ìdí, fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, kí o sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà: ti máásítà, ti air pack, ti sìlíńdà ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti àwọn hóòsì. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Láti dé ibi sìlíńdà ẹsẹ̀ kan, o ní láti yọ táyà, kí o fa ṣáàfùtì ẹsẹ̀ jáde, kí o tú nọ́ọ̀tì méjì tó di bíárìn mú, hóòbù àti dúrọ́ọ̀mù á wá jọ jáde pọ̀. Wọ́n wúwo gan-an, má dá a gbé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tó íńṣì 3 ni wọ́n fi ń tú àwọn nọ́ọ̀tì náà. Mo ti rí àwọn tó ń fi ṣíṣẹ́lì àti òòlù gbá a yí. Nígbà tó bá yá, nọ́ọ̀tì á fọ́ lẹ́nu, bíárìn ò ní jókòó dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa mì. Wá sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé iṣẹ́ àwọn ológun fúnra wọn wà fún ọkọ̀ rẹ: TM 9-2320-361. Èyí tó parí sí -10 jẹ́ ti awakọ̀, -20 jẹ́ ti àtúnṣe, èyí tí o nílò báyìí. Àwòrán gbogbo nọ́ọ̀tì ló wà níbẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, kí o lè fọwọ́ tó kún fún gíríìsì kàn án láìbẹ̀rù.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ti wà lọ́kàn mi láti ọdún pípẹ́ wá. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì multifuel yìí, lítà 7.8, onísìlíńdà mẹ́fà, dísẹ̀lì ni, kẹrosíìnì ni, epo ọkọ̀ òfuurufú ni, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ, ó sì ń wu ènìyàn láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tó gbóhùn, mo rò pé ọkọ̀ ti jí. Ìdajì rẹ̀ ló jí. Èmi kò ní koríko gíga bíi tìrẹ. Ògiri ilé mi ló dá mi dúró, àpá rẹ̀ ṣì wà lára ògiri náà. Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá wọ ọgbà mi, n kì í so bátìrì mọ́ ọn kí n tó tú ẹsẹ̀ rẹ̀ palẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo máa ń kọ̀ fún wọn.

Bíréèkì ọwọ́ tó gbà ọ́ là, ara ṣáàfùtì tó ń jáde lẹ́yìn àpótí transfer, èyí tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn, ló wà, kò bá ọ́ìlì da nǹkan kan pọ̀. Orí lẹ́fà rẹ̀ ṣeé yí láti fi mú un le sí i. Yí i lónìí.

ÌyáSípánà

Àbúrò mi, Baba ti sọ ti bíréèkì. Èmi fẹ́ sọ ti táyà, torí ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ka ibi tí o ti dárúkọ ọ̀rẹ́ tó ń tún táyà ọkọ̀ kékeré ṣe.

Ríìmù rẹ kì í ṣe ẹyọ kan. Òruka irin kan ló di etí táyà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, afẹ́fẹ́ inú táyà ló sì ń tì í mọ́ àyè rẹ̀. Tí òruka náà kò bá jókòó dáadáa, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ojú ibi tó jókòó sí, ó lè ta kúrò nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé, agbára rẹ̀ sì tó láti pa ènìyàn. Mo ti fojú ara mi rí òruka tó ya páànù òrùlé kọjá. Ọkùnrin tó ń fẹ́ táyà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mu omi ni. Ó wà láàyè títí di òní, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ríìmù olóruka mọ́.

Kí o tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, yọ ọmọ inú fáàfù táyà náà, kí o jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tán pátápátá. Tó bá jẹ́ méjì ló so pọ̀ lẹ́yìn, yọ ti méjèèjì. Ki wáyà tín-ín-rín bọ inú fáàfù kí o lè mọ̀ dájú pé nǹkan kan kò dí i. Tí o bá ń tò ó padà, fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ìpẹtà kúrò títí irin á fi mọ́. Òruka tó bá ti tẹ̀, tó ti sán, tàbí tó wá láti ara ríìmù mìíràn tí kò bá tirẹ̀ mu, sọ ọ́ nù. Má fi iná jó o lẹ̀. Inú àgò irin ni kí o ti fẹ́ ẹ, pẹ̀lú hóòsì gígùn àti ẹnu tó ń há mọ́ fáàfù fúnra rẹ̀, kí ìwọ wà lókèèrè, lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o má dúró níwájú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yìí, òfin ààbò iṣẹ́, OSHA 1910.177, kò gbà kí òṣìṣẹ́ fẹ́ irú ríìmù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òde àgò. Má sì ṣe fi òòlù gbá òruka tí afẹ́fẹ́ ti wà nínú táyà rẹ̀. Tí kò bá jókòó, jò ó, kí o bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun mìíràn tó ti fọ́ sítọ́ọ̀dù mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́: àwọn nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ apá òsì ọkọ̀ náà, òdì ni wọ́n ń yí. Wo ẹnu wọn, o máa rí lẹ́tà L. Ibi tí o máa ń yí sí láti fi dè é ní ọkọ̀ mìíràn, ibẹ̀ ni o máa yí sí láti tú u. Lẹ́yìn, níbi tí táyà ti so ní méjì-méjì, nọ́ọ̀tì òde jẹ́ íńṣì 1½; tí ìyẹn bá kúrò, èyí tó di táyà inú mú jẹ́ onígun mẹ́rin, íńṣì 13/16. Má fi sípánà tó fẹ̀ jù mú onígun mẹ́rin yẹn. Tó bá ti yípo lẹ́nu, odindi ọ̀sán kan lo máa lò lórí ẹyọ kan.

Fóòtì24

Ní ṣókí lórí rédíò: má ṣe é. Bátìrì méjèèjì ló jọ so pọ̀ di fóòtì 24, bí ẹyọ kan ni wọ́n sì ń gba iná. Tí o bá ń fa iná látara ọ̀kan ṣoṣo, ìyẹn á máa lọ sílẹ̀, ẹnìkejì á máa gba iná ju bó ṣe yẹ lọ, méjèèjì á sì bàjẹ́ láìtọ́jọ́. Ra ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 24 di 12, so ó mọ́ méjèèjì papọ̀, fi fíúsì sí i. Kí o sì ra bátìrì méjì lọ́jọ́ kan náà nígbà gbogbo, bí o ti ṣe yìí.

CCKW1943

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi kò ní M35, ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ mi: GMC CCKW, ti ọdún 1943. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, lítà 4.4, iná fóòtì 6. C àkọ́kọ́ ni ọdún 1941 tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, C kejì ni irú orí ọkọ̀ náà, K ni pé ẹsẹ̀ iwájú ń fà, W ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ ìlà méjì tó ń fà.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Baba lórí DOT 5. Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n omi tó bá ráyè wọlé kò ní pò mọ́ silicone. Á lọ jókòó síbi tó rẹlẹ̀ jù, inú sìlíńdà ẹsẹ̀, á sì jẹ irin lójú kan. Ó tún máa ń mú ìfófòó kéékèèké dání tí wọ́n bá dà á kíákíá. DOT 4 ni mo ń lò, mo sì ń dà á nù lọ́dún méjì-méjì láìyẹ̀. Ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí ni pé kí ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sára ìdérí máásítà pẹ̀lú ọ̀dà, kí ẹni tó bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín lè mọ̀. Ká ní ẹnìkan ti kọ ọ́ sára ti Ẹsẹ̀Mẹ́wàá ni, a ò ní máa sọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, torí mo rí i pé bàbá yín ló gbé yín débẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi lọ́rì kó epo àti ọta ìbọn gba orí ilẹ̀ Faransé lọ bá àwọn tó wà níwájú ogun, torí ojú irin ti bàjẹ́. Red Ball Express ni wọ́n pè é. Nígbà tó gbóná jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọkọ̀ 6,000 tó wà lójú ọ̀nà lọ́sàn-án lóru, CCKW ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ló parí. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn awakọ̀ náà ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí kò jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ wà pọ̀. Wọ́n ń ru ẹrù ju ohun tí ọkọ̀ gbà lọ, wọ́n ń tú irin tó ń dín eré kù kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè yára, táyà ń bẹ́, jíà ń fọ́, àwọn mẹkáníìkì ń tún wọn ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ti èmi, tí nọ́ọ̀tì kan kọ̀ tí kò tú, mo máa ń ronú pé ọwọ́ ta ló dè é. N kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ tèmi débẹ̀. Ó tó mi pé irú rẹ̀ ni.

Ẹsẹ̀Mẹ́wàá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo ní kí n padà wá ròyìn, torí kò dáa kí ènìyàn gba ìmọ̀ràn kó sì dákẹ́.

Baba, air pack ni. Mo jò afẹ́fẹ́ táǹkì tán, mo gbé abọ́ sábẹ́, mo tú páìpù bí ẹ ṣe wí. Ó lé ní ife kan ọ́ìlì tó ṣàn jáde, àlùkò àti àwọ̀ ilẹ̀ nínú ara wọn. Ọmọ mi ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó ní, "Bàbá mi, gbogbo ohun tí ẹ ti ń dà sínú rẹ̀ rèé." Mo sì gbé díẹ̀ sínú ìgò bí ẹ ṣe sọ, nígbà tó di àárọ̀ ó ti pín sí méjì, àlùkò wà lókè.

Síìlì inú rẹ̀ le bí ike. Ojú irin tí písítìnnì ń gbà kọjá ti ní ihò kéékèèké níbi kan, mo fọwọ́ kàn án, ó ń họ èékánná, nítorí náà n kò tún èyí ṣe, òmíràn ni mo wá. Nígbà tí mo tú àwọn ẹsẹ̀, mo rí i pé sìlíńdà ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn náà ń jò. Láínìn rẹ̀ ti mu ọ́ìlì yó. Ká ní air pack nìkan ni mo pààrọ̀ ni, ìyẹn ni ì bá tún tàn mí jẹ. Ọ̀kan nínú nọ́ọ̀tì bíárìn iwájú ní ojú ṣíṣẹ́lì lára, ẹnìkan ti gbá a yí rí. Mo pààrọ̀ ìyẹn náà.

Ìyá Sípánà, lẹ́tà L wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé ọ̀pá gígùn lé e láti yí i sí ibi tí gbogbo wa mọ̀, mo pariwo kó tó tẹ̀ ẹ́. Ní ti òruka, a kò fẹ́ ẹ fúnra wa. A kó ríìmù méjèèjì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní àgò. Wọ́n sọ ọ̀kan nínú òruka náà nù, wọ́n ní ó ti sán níbi tí ojú wa kò lè rí.

DOT 5 ni mo padà sí. Mo rọra dà á, mo jẹ́ kó sinmi lóru kan kí a tó fa afẹ́fẹ́ jáde, láti ara air pack kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ tó jìnnà jù wá sí èyí tó sún mọ́ jù. Mo ti fi ọ̀dà funfun kọ DOT 5 sára ìdérí. Pẹ́dà ti ga, ó sì le dáadáa. Mo di ẹsẹ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kò rìn. A ti gbé e rìn nínú ọgbà, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìgbà mẹ́jọ. Ohun tó kù tí mo fẹ́ bi yín ni ìgbà tí mo lè gbé e jáde sójú ọ̀nà.

BabaOnígíríìsì

O ṣeun tí o padà wá. O ṣiṣẹ́ náà dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó di tọ́ọ̀ṣì mú pẹ̀lú.

Jẹ́ kí láínìn kọ́kọ́ jókòó dáadáa. Rìn nínú ọgbà fún ọjọ́ mẹ́rin sí i, máa dá a dúró díẹ̀díẹ̀, kí o wá fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan: èyí tó gbóná ju àwọn yòókù lọ, láínìn rẹ̀ ti há jù, èyí tó tutù, kò ṣiṣẹ́. Tún wọn tò títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fi sún mọ́ra. Ṣe àmì sí máásítà láti mọ ibi tí ọ́ìlì dé lónìí. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò kúrò lójú àmì náà, gbé e jáde láàárọ̀ kùtù nígbà tí ọ̀nà dá, ìwọ nìkan. Má gba ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn títí oṣù kan á fi pé. Lẹ́yìn ìyẹn, tí àmì náà ò bá yí, jẹ́ kí ọmọ náà wọlé.